Ta Ni À Ń Fi Ṣe Ẹlẹ́yà?

N kò bá sinimá James Bond jà. Láti ìgbà Dr. No, tí ó jáde ní ọdún 1962, ni a ti mọ̀ pé irọ́ ni: amí tí ìbọn kì í bà, tí aṣọ rẹ̀ kì í sì í rún! Irọ́ dídùn ni, n óò sì tún wò ó.

Àwàdà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Mind Your Language, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1977, ni mo bá ní ìjà. Kí ni ó ń pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Àgbàlagbà láti Íńdíà, Jàpáànù àti Ítálì tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní eré lásán ni. Èmi ti rí òbí kan ní Ṣàgámù tí ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ tán, tí ó wá kanra mọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó fi èdè Rẹ́mọ tọrọ omi.

Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kan náà, ní Ìkẹ́nnẹ́, ni wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Níbẹ̀ ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti fi Yorùbá pa wá lẹ́rìn-ín. Ahun àti olójúkòkòrò ni ó ń fi ṣe ẹlẹ́yà, kì í ṣe ahọ́n ẹnikẹ́ni.