Ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n fi ń díyelé òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ tó wà lára àwọn kọ́tábáàkì alárìnkiri

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2012, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Matt Flynn wọ pápá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Green Bay Packers lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kì í ṣe òun ni wọ́n gbójú lé. Aaron Rodgers ni ọ̀gá níbẹ̀, orí bẹ́ńṣì ni Flynn máa ń wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Rodgers sinmi lọ́jọ́ náà, ni Flynn bá bọ́ síta. Kí eré tó parí, bọ́ọ̀lù tó jù ti gba 480 yáàdì, touchdown mẹ́fà ló sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Títí di ọjọ́ yẹn, kò sí kọ́tábáàkì kankan nínú ìtàn ẹgbẹ́ Packers tó tíì ṣe irú ẹ̀ rí nínú eré kan ṣoṣo.

Ni ariwo bá ta. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹ́ Seattle Seahawks ti ránṣẹ́ pè é, wọ́n bá a ṣàdéhùn ọdún mẹ́ta, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mílíọ̀nù 10 dọ́là nínú owó náà, bó gbá bọ́ọ̀lù o, bí kò gbá a o, tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ eré látìbẹ̀rẹ̀ nínú líìgì NFL kí wọ́n tó kó owó yìí sílẹ̀ fún un. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Seahawks yìí kan náà lọ mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yunifásítì bọ̀, Russell Wilson. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti gba ipò mọ́ Flynn lọ́wọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi Flynn ṣọwọ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà tí Seahawks sì gba ife Super Bowl ní oṣù kejì, ọdún 2014, Wilson ló darí wọn.

Ta lèèyàn máa dá lẹ́bi? Kì í ṣe Flynn rárá. Wọ́n nawọ́ owó sí i, ó gbà á. Ta ni wọ́n máa fún lówó tó pọ̀ tóyẹn tí kò ní í gbà? Àwọn tó díye lé e ló ṣìṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n rí, owó ọdún mẹ́ta ni wọ́n san. Irú àṣìṣe yìí kò sì mọ sọ́dọ̀ àwọn olówó Amẹ́ríkà nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sì ń gba òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè ṣe é kẹ́ ẹ má mọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn jù kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Èèyàn mọ́kànlá ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kọ́tábáàkì ni olórí wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń sọ ohun tí kálukú máa ṣe, òun ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí lọ́wọ́, òun ló sì ń jù ú sí ẹni tó bá ráyè gbà á. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú líìgì NFL, èyí túmọ̀ sí pé àyè 32 péré ló wà fún ọ̀gá kọ́tábáàkì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Inú àlàfo yìí ni àwọn alárìnkiri ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Wọn kì í ṣe ọ̀gá pátápátá, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n á ṣe ọdún kan níbí, ọdún méjì lọ́hùn-ún, wọ́n á tún dẹrù. Josh Johnson, tí ẹgbẹ́ Tampa Bay Buccaneers kọ́kọ́ mú lọ́dún 2008, ti wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ NFL 14 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹlòmíì tó tíì dé iye yẹn.

Owó tí àwọn ẹgbẹ́ yìí sì ń ná ní ìwọ̀n. Láti ọdún 1994 ni líìgì náà ti ń fi gbèdéke sí iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 224.8 dọ́là ni gbèdéke náà, èèyàn bíi 53 ló sì fẹ́ jẹ nínú ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá san mílíọ̀nù 10 lé kọ́tábáàkì kan lórí ju bó ṣe yẹ lọ, inú owó àwọn tó ń dáàbò bò ó tàbí àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ti máa yọ. Ẹni tó bá ti fi owó tó yẹ kó fi ra ọjà san owó oṣù ẹnì kan rí, ó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni tó.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tó máa ń ṣini lọ́nà ni ti ìgbà díẹ̀ tó dùn. Ẹ wo Ryan Fitzpatrick, ọmọ tó jáde ní yunifásítì Harvard, tí wọ́n mú nípò 250 lọ́dún 2005. Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2011, ẹgbẹ́ Buffalo Bills ti borí nínú eré mẹ́rin nínú mẹ́fà pẹ̀lú rẹ̀. Kíá, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà tó tó mílíọ̀nù 59 dọ́là. Eré mẹ́wàá ló kù nínú sáà yẹn, méjì péré ni wọ́n sì tún borí nínú ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2013, wọ́n ní kó máa lọ. Àdéhùn ọdún mẹ́fà kò pé ọdún méjì.

Ti Josh McCown tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2013, nígbà tí ọ̀gá kọ́tábáàkì Chicago Bears fara pa, McCown wọlé, ó ju touchdown 13, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Buccaneers rí i, wọ́n kó mílíọ̀nù 10 dọ́là kalẹ̀ fún ọdún méjì. Lọ́dún 2014, eré 11 ló bẹ̀rẹ̀ fún wọn, ẹyọ kan ni wọ́n borí níbẹ̀. Kí ló dé? Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ rọ lóru ọjọ́ kan. Igi kan kì í dágbó ṣe. Ní Chicago, àwọn méjì tó ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, Brandon Marshall àti Alshon Jeffery, gba ju 1,000 yáàdì lọ nínú sáà yẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn wọ̀nyẹn kò bá a dẹrù, kóòṣì rẹ̀ kò tẹ̀ lé e, àwọn tó ń dáàbò bò ó náà sì dúró sí Chicago. Buccaneers ra ẹnì kan, wọ́n rò pé gbogbo ilé làwọn rà.

Òṣùwọ̀n kejì tó ń ṣini lọ́nà ni kí wọ́n máa ka iye ibi tí èèyàn ti kúrò. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ọkùnrin náà bá dára ni, ibi àkọ́kọ́ ni ìbá jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Geno Smith bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ New York Jets lọ́dún 2013, nǹkan kò lọ déédéé fún un, ó gba ọ̀dọ̀ Giants àti Chargers kọjá, ó sì dé Seattle, níbi tó ti jókòó lẹ́yìn Russell Wilson. Nígbà tí wọ́n fi Wilson ṣọwọ́ sí Denver lọ́dún 2022, mílíọ̀nù 3.5 dọ́là ni owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àdéhùn Smith. Òun ló wá ṣe ipò kìn-ín-ní nínú gbogbo líìgì lọ́dún náà nínú kí bọ́ọ̀lù téèyàn jù dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí, 69.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó sì ju touchdown 30. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Buccaneers mú Baker Mayfield ní mílíọ̀nù 4 dọ́là fún ọdún kan, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ti jẹ́ kó lọ. Ó gbé wọn dé ìpele àwọn tó fẹ́ gbafe. Àwọn méjèèjì yìí, olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n nígbà tí iṣẹ́ wọn wọ́n jù.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti rìn kọjá ọ̀pọ̀ ilé ti rí ohun tí ẹni tó dúró sójú kan kò rí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Fitzpatrick gba ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án kọjá nínú ọdún 17, kò fi ẹsẹ̀ kan eré àwọn tó fẹ́ gbafe rí, eré tí wọ́n pàdánù pẹ̀lú rẹ̀ sì ju èyí tí wọ́n borí lọ. Síbẹ̀, lọ́dún 2020, nígbà tí Miami Dolphins ní ọmọ tuntun kan, Tua Tagovailoa, Fitzpatrick ló kọ́kọ́ di ipò náà mú dè é. Wọ́n fi ọmọ náà rọ́pò rẹ̀, kò bínú jáde. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí eré fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́dọ̀ Raiders, òun ni wọ́n tún ké sí, ó sì bá wọn borí pẹ̀lú 26 sí 25. Mélòó ni wọ́n máa kọ sí irú iṣẹ́ yẹn nínú ìwé ìṣirò?

Òṣùwọ̀n tó tọ́ wà, òun náà sì ni pé: bí kò bá sí ẹni yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? San Francisco 49ers mọ ìdáhùn rẹ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, eré kan ṣoṣo ló kù kí wọ́n dé Super Bowl. Kọ́tábáàkì wọn, Brock Purdy, fara pa nígbọ̀nwọ́. Wọ́n sáré mú Josh Johnson tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 14 yẹn wọlé, òun náà fi orí gbá ilẹ̀, kò lè padà mọ́. Kò wá sí kọ́tábáàkì kankan mọ́. Purdy tí kò lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà ló tún padà sórí pápá. Philadelphia Eagles na wọ́n ní 31 sí 7. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún kan náà, líìgì fàyè gba ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti mú kọ́tábáàkì kẹta sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Èyí fi hàn pé owó ẹni tó jókòó kì í ṣòfò. Owó ààbò ni. Ṣùgbọ́n iye tí ààbò tó ni kí wọ́n san, kì í ṣe iye tí gbogbo ilé tó.

Nick Foles ló so gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó ju touchdown méje nínú eré kan lọ́dún 2013. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ọdún 2016, ó ti di ẹni tí ń jókòó. Eagles padà mú un lọ́dún 2017, mílíọ̀nù 11 dọ́là fún ọdún méjì, kó lè wà lẹ́yìn Carson Wentz. Wentz fara pa, Foles wọlé, wọ́n sì na New England Patriots ní 41 sí 33 nínú Super Bowl, òun ni wọ́n sì fún lámì ẹ̀yẹ ẹni tó ta yọ jù. Ọjà tó pọ́ọ́kú tó mówó wọlé nìyẹn. Lọ́dún 2019, Jacksonville Jaguars ra ọkùnrin yìí kan náà pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 88 dọ́là. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́ nínú eré àkọ́kọ́, wọn kò borí nínú eyọ kan nínú eré mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n sì ti fi ṣọwọ́ sí Chicago. Ẹnì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni. Iye tí wọ́n rà á ló yàtọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé èèyàn tó bá ń ṣọ́ owó ná jù kò ní í rí òṣìṣẹ́ gidi, pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fìyà jẹ alágbàṣe. Ẹni tó bá dáa, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Ohun tí ìtàn àwọn ọkùnrin yìí ń sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí iṣẹ́ ṣáájú owó ńlá. Mayfield ṣe ọdún kan ní mílíọ̀nù 4, ó jẹ́ kí wọ́n rí òun, wọ́n sì fún un ní àdéhùn mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ọdún mẹ́ta lọ́dún 2024. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Nítorí náà, oníṣòwò tó bá fẹ́ gba ẹni tó ti ṣiṣẹ́ kiri, kó béèrè ohun mẹ́rin. Oṣù mélòó ni iṣẹ́ dáadáa tó ròyìn yẹn fi wáyé? Àwọn wo ló bá a ṣe é, ṣé wọ́n máa wà níbí? Kí ló mú un kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, òun ni àbí ilé náà? Bí ọ̀gá bá ṣàìsàn lọ́la, ṣé ẹni yìí lè ṣí ṣọ́ọ̀bù kó sì tì í láìsí wàhálà? Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹrin bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sanwó tó tọ́ fún un, kí àdéhùn náà má gùn kọjá ohun tí ojú ti rí. Kí wọ́n má sì tìtorí pé ibi tó ti kúrò pọ̀ kí wọ́n wá máa wò ó bí aláìnílárí. Ọjọ́ tí ọ̀gá kò bá lè dìde ni wọ́n máa ń mọ iye tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn tó.