Àkójọ Ìṣirò Tí Kò Sọ Ibi Tó Ti Wá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò iye tí ilé yóò ná onílé kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. A kì í ka búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ńtì àti yanrìn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ ní ọ́fíìsì wa. A ti kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan nínú sọ́fítíwíà: ẹ yan "ògiri", ẹ kọ iye mítà onígun mẹ́rin tó jẹ́, gbogbo ohun tí ògiri náà yóò gbà á jáde, títí kan owó bíríkìlà àti ti lébírà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di iṣẹ́ òwúrọ̀ kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ràn ni bí a ṣe ń tò ó, èmi pàápàá sì wà nínú ẹni tí mo ń bá wí.

A gba iṣẹ́ kan ní Kútọnu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa mú àkójọ "Ògiri 1" tí a ti ń lò ní Àbújá, ó sì fi ṣírò. Búlọ́ọ̀kù tiwa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45, ó ga ní 22.5, bíi 10 ló ń kún mítà onígun mẹ́rin kan. Èyí tí wọ́n fẹ́ lò ní Kútọnu jẹ́ 40 sí 20, ìyẹn 12.5. Ògiri ilé náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 600. A kọ 6,000. 7,500 ló gbà, a kò tíì ka èyí tó fọ́. Onílé kò dá wa lóhùn, nínú owó iṣẹ́ wa ni a ti san án. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé ọmọ náà lọ. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣe "Ògiri 1", tí n kò kọ ìwọ̀n kankan sí i.

Láti ìgbà náà, orúkọ àkójọ wa gùn bí oríkì: irú búlọ́ọ̀kù, ìwọ̀n rẹ̀, ìlú, ọjọ́ tí a ṣe é, ẹni tó ṣe é. A sì yọ rírẹ́ ògiri kúrò nínú mímọ rẹ̀. Àwọn kan ní kí á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó lè yá. Ṣé ògiri balùwẹ̀ tí a óò lẹ táìsì mọ́ náà ni a óò kun ní ọ̀dà? Ẹ jẹ́ kí àkójọ kéré. Ẹ lè so méjì mẹ́ta pọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé.

Èyí tó burú jù ni fífi iye owó sínú àkójọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n jẹ́ kí ọjà máa sọ iye náírà. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹni tó kọ owó sínú àkójọ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì gbàgbé, gbèsè ni. Iye búlọ́ọ̀kù inú ògiri kò yí padà rárá. Kí owó wà lójú ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo àkójọ máa kà á níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló ń tọ́jú àkójọ wa báyìí. Bí mo bá fẹ́ fi tuntun kún un, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọ̀gá, búlọ́ọ̀kù ibo ni?"