Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ẹranko Ní Ìwà, Ó Sì Mọ Ìrora

Ṣé ẹranko ní ọkàn bíi ti ènìyàn? Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Descartes, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ní bí ẹ̀rọ lásán ni ẹranko rí. Ìwé Oníwàásù inú Bíbélì kò dá ẹjọ́ náà. Ńṣe ló bi wá pé ta ló mọ ibi tí ẹ̀mí ẹranko ń lọ. Àwa náà fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n pé ẹranko kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ àríyànjiyàn.

Nígbà tí Jane Goodall, olùṣèwádìí ìwà ẹranko, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú igbó Gombe ní Tàǹsáníà lọ́dún 1960, ó sọ àwọn ìnàkí tó ń ṣọ́ lórúkọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bá a wí, wọ́n ní nọ́ńbà ló yẹ kó fún wọn. Ohun tó rí dá a láre. Abiyamọ tòótọ́ ni ìnàkí tó pè ní Flo, a máa gbé ọmọ mọ́ra, a máa bá a ṣeré. Èyí tó pè ní Passion kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọmọ tirẹ̀ sí. Inú igbó kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé, ìwà wọn ò bára mu.

Èyí ò ṣàjèjì sí ẹni tó ń sin ẹran. Adìyẹ kan á na ìyẹ́, á dojú kọ àṣá nítorí ọmọ. Òmíràn á sá fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn baba wa ló sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

Kí wá ni à ń ṣe? À ń so adìyẹ lẹ́sẹ̀ pọ̀, à ń fi wọ́n kọ́ sára ọ̀kadà, orí wọn nísàlẹ̀, láti ọjà dé ilé. À ń ti àgbò Iléyá mọ́ búùtù ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Òfin ìwà ọ̀daràn wa, abala 495, ka ìfìyàjẹ ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50. Ta ni ₦50 máa dẹ́rù bà lónìí?

A ò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹran mọ́. Ànábì Muhammad pàápàá, tó fàyè gba pípa ẹran, pàṣẹ pé kí ẹni tó ń pa á pọ́n ọ̀bẹ kó mú, kí ẹran má baà jẹ̀rora.

Ìdájọ́ wa nìyí: ohun tó ní ìwà, tó sì mọ ìrora, kò yẹ ní fífi ìyà jẹ láìnídìí. Kí àwọn aṣòfin gbé owó ìtanràn yẹn sókè, kí ọlọ́pàá lo òfin náà. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ẹran ọdún, ẹ gbé agbọ̀n dání fún adìyẹ, ẹ fún àgbò lómi, ẹ fi í síbòji.