Bí iṣan bá fara pa, ẹ má tètè sọ pé ó ti parí

Bí ọwọ́ ẹnìkan kò bá mọ nǹkan lára mọ́ lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ tàbí iṣẹ́ abẹ, kí oṣù méjì tó pé làwọn kan nínú wa á ti ní ó ti parí. Ìkánjú nìyẹn.

Iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè hù padà, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mìlímítà 1 ló ń hù lójúmọ́. Bí ibi tó bà jẹ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ìka, ó lè tó oṣù 10. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èyí tó bá gé, àfi kí dókítà tètè rán an.

Ti inú eegun ẹ̀yìn ló le jù, kì í sáábà hù padà. Síbẹ̀, James Shepherd, ọmọ Atlanta tó ṣèṣe létíkun Brazil ní 1973, padà fi ọ̀pá rìn lẹ́yìn ìtọ́jú. Ní 1975, òun àtàwọn òbí rẹ̀ dá Shepherd Center sílẹ̀ níbí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀lé dádì tàbí mọ́mì lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè: iṣan wo ni? Ṣé ó gé ni àbí ó kàn tẹ̀? Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pa eré ìmárale tì.