Wọ́n Ta Ẹ̀wà fún Wa Lórí Òkun, A sì Dúpẹ́

Ìrìn àjò ló gbé mi, mo sì ti dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìròyìn fàájì ni mo fẹ́ kọ lónìí. Ẹjọ́ ni mo gbé wá, ẹ̀yin sì ni adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Houston, pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ní dípò kí òun gba gbọ̀ngàn, kí òun sì dá aṣọ ẹbí, òun yóò kó àwa ọmọ ìyá òun wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Galveston ní etí òkun Texas ni a ti wọkọ̀, a sì forí lé ilẹ̀ Mexico. Ọkọ̀ náà tóbi bí odidi àdúgbò. Oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀ tí owó ìwọkọ̀ ti san, ṣùgbọ́n àwọn ilé oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ san owó ọ̀tọ̀ kí ó tó lè jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ìhà Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí á ti jẹun ọjọ́ ìbí òun.

Wọ́n ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ilé oko àtijọ́. Wọ́n kan pákó mọ́ ògiri, wọ́n to àga onígi sí ẹnu ọ̀nà. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé oúnjẹ wọn sọ ìtàn fún wa: pé ọwọ́ ìyá àgbà ni oúnjẹ wọ̀nyí ti wá, pé ìdílé kan ló ń jogún wọn láti ìran dé ìran, pé ìwà ọ̀làwọ́ àwọn ará Gúúsù ni a fẹ́ tọ́ wò. Mo ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ Áfíríkà níbẹ̀. N kò rí ọ̀rọ̀ ẹrú. N kò rí ènìyàn dúdú kankan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ilá díndín. Ìrẹsì tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹ̀wà olójú dúdú. Gumbo, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ilá, edé àti ẹran ṣe. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹran èéfín sè títí ó fi rọ̀. Adìyẹ díndín, búrẹ́dì àgbàdo, àti ohun kan tí wọ́n pè ní 'yam', tí ó dùn bí oyin. Mo bi ọmọkùnrin tí ó ń gbé oúnjẹ fún wa pé ta ni ìyá àgbà yìí, ará ibo sì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ohun tí wọ́n kọ́ àwọn pé kí àwọn máa sọ ni àwọn ń sọ. Ọmọ ilẹ̀ Philippines ni, oṣù mẹ́jọ ni kò tíì rí ìyá tirẹ̀. Èmi kò bá a jà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni mo ní ẹjọ́ sí.

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ̀rí ọ̀rọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ pè. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kò gbé àpò, wọn kò gbé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè gba ahọ́n lẹ́nu wọn. 'Gumbo' tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìwé oúnjẹ yẹn, inú àwọn èdè Bàǹtú ti agbègbè Àǹgólà ló ti wá, ilá gan-an sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. 'Okra' tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ilá, ọ̀dọ̀ àwọn Ígbò ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. 'Goober' tí wọ́n ń pe ẹ̀pà ní ìhà Gúúsù, 'nguba' ni ní èdè Kóńgò. 'Benne' tí wọ́n fi ń ṣe bisikíìtì ní South Carolina, yànmọ̀tí ni. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn Wolof àti àwọn Bámbárà títí di òní. Ẹ̀wà olójú dúdú kò gbé orúkọ Áfíríkà dání ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni irúgbìn náà ti ṣẹ̀ wá, ọkọ̀ ẹrú sì ni ó bá dé Amẹ́ríkà.

Ẹ wo ti 'yam' náà. Ohun tó wà nínú àwo wa kì í ṣe iṣu rárá, ọ̀dùnkún ni, èyí tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́. Àwọn Potogí àti àwọn Sípáníìṣì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí ó tó wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹrú tí kò rí iṣu mọ́ ní ilẹ̀ àjèjì fi orúkọ iṣu pe ohun tí wọ́n rí. Láàrin ọdún 1930 sí 1939, àwọn àgbẹ̀ Louisiana mú orúkọ náà láti fi polówó ọ̀dùnkún tiwọn, kí ó lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Títí di òní, òfin ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹni tó bá kọ 'yam' sára páálí ọ̀dùnkún gbọ́dọ̀ kọ 'sweet potato' mọ́ ọn. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Òfin wà tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ra ọ̀dùnkún. Kò sí èyí tó ń dáàbò bo ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀rí kejì ni ti ènìyàn. Ta ló sè é? James Hemings, ẹrú Thomas Jefferson, ni wọ́n mú lọ sí Paris ní 1784 láti kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ; ó di 1796 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Hercules, alásè George Washington, sá mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́ ní February 1797, ní ọjọ́ ìbí olówó náà gan-an. Abby Fisher, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní South Carolina, kò mọ̀-ọ́n-kọ, kò mọ̀-ọ́n-kà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n sì bá a kọ ọ́ di ìwé oúnjẹ Gúúsù ní 1881. Ìyá àgbà tí ẹ ń wá rèé! Ó ní orúkọ, ó ní ọjọ́, ó ní ìwé. Kí ló dé tí ẹ fi lọ hun ìyá àgbà mìíràn tí kò lójú, tí kò nímú?

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ọ̀mọ̀wé, oúnjẹ ni oúnjẹ. Ẹni ebi ń pa kì í béèrè ìtàn." Mo gbọ́. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni wọ́n tà fún mi, n kò ní ẹjọ́ kankan. Ìrẹsì àti adìyẹ wà ní òkè ọkọ̀ náà tí n kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ohun tí mo san owó ọ̀tọ̀ fún ni pákó ara ògiri, ìyá àgbà inú ìwé, àti ìran dé ìran. Ìtàn ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá sì ń ta ìtàn, kí ó má ta ààbọ̀ fún wa ní iye odidi.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ kí n bá àwa náà wí, nítorí ẹni tó ń pe elòmíràn ní olè kò gbọdọ̀ jí nǹkan. Bí mo ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nídìí tábìlì, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lu àga, ó ní, "Dókítà, ẹ tiẹ̀ tún ń wá Àǹgólà kiri! Gumbo, gbogbo! Gbogbo nǹkan ni wọ́n dà sínú ìkòkò kan. Yorùbá ni!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Bí a bá gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó pa orúkọ rẹ́, tí a sì lọ lẹ orúkọ tiwa mọ́ ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ará Àǹgólà, olè kejì ni a dà. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí South Carolina àti Louisiana, Senegambia, Sierra Leone, Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Brazil àti Cuba ni wọ́n kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn tiwa lọ.

Èyí kò wá sọ pé a kò sí níbẹ̀ rárá. Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbọ́ èdè àwọn Gullah ní etí òkun South Carolina àti Georgia. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1949, orúkọ Yorùbá wà láàrin ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi èdè Áfíríkà tó kó jọ. Omi òkun kan náà tí ọkọ̀ wa ń léfòó lé sì ni ọkọ̀ Clotilda gbà wọ Mobile ní Alabama ní 1860, pẹ̀lú ènìyàn bí 110 nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀ láti 1808. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí wọ́n sọ di Cudjo Lewis. Ìwádìí Sylviane Diouf tọ́ka sí agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó o, Ouidah ni wọ́n sì ti tà á. Ó wà láyé títí di 1935. Ẹ wo àwa tí à ń jẹun lórí omi yẹn, tí a tún sanwó kí wọ́n tó gbé wa sórí rẹ̀.

Èmi ìbá ti parí ẹjọ́ mi síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún méjìlá ni, Houston ni wọ́n bí i sí. Ó jẹ ẹ̀wà náà, ó gbádùn rẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè pé, "Ọ́ńkù, ṣé àwọn ará Nàìjíríà náà máa ń jẹ èyí? Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibí ni wọ́n ti kọ́ ọ ni?"

Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ọmọ tí ń jẹ àkàrà ní àràárọ̀ Sátidé! Ìyá rẹ̀ ń sè é, ó ń dín in, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń pè é fún un. Ọmọ náà ní oúnjẹ lẹ́nu, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó rí oúnjẹ kan náà nínú àwo ẹlòmíràn, kò dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Ìwọ náà, fi mí sílẹ̀ lónìí." Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ wọn ni.

Ṣùgbọ́n n kò fi ẹ̀yin sílẹ̀. Kì í ṣe Houston nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú kíláàsì mi níhìn-ín, mo ní kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ èdè ka oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀wà ṣe. Wọ́n dé orí àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n dúró. Ta ló mọ èkuru? Ta ló mọ̀ pé ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni orúkọ mìíràn fún mọ́ínmọ́ín? Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ wọ hótẹ́ẹ̀lì ńlá ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ. Ọwọ́ ta ló ń pa orúkọ náà rẹ́? Kì í ṣe ọwọ́ òyìnbó kankan.

Ẹ wá fi wé Bahia ní Brazil. Àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ kò ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò ní ìjọba. Síbẹ̀, wọ́n pa àkàrà àti jẹ pọ̀, acarajé sì ni wọ́n ń pè é títí di òní. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì mọ̀ pé oúnjẹ Ọya ni. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ tuntun, 'bolinho de Jesus', àwọn obìnrin náà ta kò ó. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá gba orúkọ lónìí, yóò gba ìkòkò lọ́la.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olókòwò ọkọ̀ kò pọ̀: ojú ewé kan ṣoṣo. Ẹ kọ Abby Fisher sí i, ẹ kọ Hemings, ẹ kọ ibi tí ilá ti gba orúkọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbá tí wọ́n fún wa ká tó sọ̀kalẹ̀. Sí ẹ̀yin òbí, ẹ̀bẹ̀ kọ́, ìbáwí ni: ẹ pe oúnjẹ lórúkọ létí ọmọ yín. Kò ná yín ní dọ́là kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sẹ́yìn ìwé ìsanwó fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú àmì ohùn lórí wọn: ẹ̀wà, ilá, àkàrà, yànmọ̀tí. Ó ka èkíní, ó pè é ní ẹwà, bí ìgbà tí a bá ń sọ ti arẹwà. Mo ní kí ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó tún un pè, ó ṣì í. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó bọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ ló pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.