Ọwọ́ Obìnrin Nídìí Orin Swing

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń jó Lindy Hop lóde òní, ìbáà ṣe ní New York, ní London tàbí ní Stockholm, àwọn oníjó ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Yóò rí wọn ní méjìméjì, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń yí bí òkòtó, tí ẹsẹ̀ wọn ń dáhùn gbogbo ohun tí fèrè àti ìlù ń wí. Agbára káká ni yóò fi kíyè sí ẹnì kan tó wà ní igun gbọ̀ngàn, tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká síwájú, tó fi ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ bo etí kan, tó sì fi etí kejì sílẹ̀ fún agbo ijó. Ẹni yìí ni DJ. Òun ni ó ń yan orin tí gbogbo agbo ń jó sí. Bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, agbo a gbóná títí di òru ọ̀gànjọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àwọn oníjó a bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn kiri láti máa lọ sílé.

Ìbéèrè tí ó yẹ ní bíbéèrè ni pé: ta ni wọ́n ń pè sídìí iṣẹ́ náà? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń jó ijó yìí, orúkọ ọkùnrin ló máa ń pọ̀ jù lára orúkọ àwọn DJ tí wọ́n ń kọ sí ìwé ìpolówó àwọn àpéjọ ńlá, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin pọ̀ lójú agbo. Kò sí òfin kankan tó lé obìnrin sẹ́yìn. Àmọ́ àṣà tí kò ní òfin ni ó máa ń ṣòro jù láti yí padà, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà pé òun ni ó dá a sílẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ pé àṣà yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìtàn ijó náà ni kí a yẹ̀ wò. Ọwọ́ àwọn Adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Lindy Hop ti jáde, ní Harlem, ní ìlú New York, ní ìparí àwọn ọdún 1920. Ilé rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni Savoy Ballroom, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 1926 ní òpópónà Lenox. Dúdú àti funfun jọ ń jó níbẹ̀, ní àkókò tí òfin àti ìṣe ń yà wọ́n nípá ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà. Pèpéle olórin méjì ni ó wà nínú gbọ̀ngàn náà, tó fi jẹ́ pé bí ẹgbẹ́ olórin kan bá fẹ́ sinmi, èkejì a gba orin lẹ́nu rẹ̀. Kò sí DJ níbẹ̀ nígbà náà. Ẹgbẹ́ olórin ni ó ń wo ẹsẹ̀ oníjó, tí oníjó náà sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti rí onídùndún níbi ìnáwó yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: onílù tó gbọ́n kì í kàn lu ìlù, ẹsẹ̀ oníjó ni ó ń kà.

Obìnrin kì í ṣe àlejò ní Savoy. Norma Miller, tí wọ́n bí ní Harlem ní ọdún 1919, máa ń jó lójú títì níwájú gbọ̀ngàn náà kí wọ́n tó mú un wọlé ní ọmọ ọdún 12. Ó di ọ̀kan lára àwọn Whitey's Lindy Hoppers, ó jó nínú fíìmù Hellzapoppin' tó jáde ní ọdún 1941, ó kọ ìwé nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ijó náà fún àwọn ọ̀dọ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ó ku oṣù díẹ̀ kí ó pé ẹni 100 ọdún nígbà tí ó jáde láyé ní ọdún 2019. Frankie Manning ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan bí wọ́n ṣe ń gbé ara wọn fò sókè nínú Lindy Hop. Ṣùgbọ́n Freda Washington ni obìnrin tí ó gbà láti bá a dán an wò, tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ orin rí. Lil Hardin ni ó ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ King Oliver ní Chicago kí ó tó di ìyàwó Louis Armstrong. Mary Lou Williams ni ó ń kọ orin, tí ó sì ń to orin fún ẹgbẹ́ Andy Kirk. Benny Goodman pàápàá lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí Chick Webb, onílù tí kò sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Savoy, kú ní ọdún 1939, Ella Fitzgerald ni wọ́n fi síwájú ẹgbẹ́ náà, ọmọ ọdún 22 sì ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ Piney Woods ní Mississippi ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ International Sweethearts of Rhythm sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930. Obìnrin ni gbogbo àwọn tó ń fọn fèrè, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń tẹ dùùrù nínú rẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń sùn bí wọ́n bá ń rìn káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, nítorí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní ọdún 1945 wọ́n ré òkun kọjá lọ sí Yúróòpù láti lọ ṣeré fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbọ́ fèrè Vi Burnside nínú ẹgbẹ́ yìí kò ní béèrè bóyá obìnrin mọ orin swing.

Báwo wá ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn obìnrin tó kún inú ìtàn báyìí di ẹni tí a ń fi iná wá nídìí iṣẹ́ DJ? Savoy kógbá sílé ní ọdún 1958, orin mìíràn sì ti gba ìgboro kan. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọ̀dọ́ láti Sweden, láti England àti láti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbà oníjó náà kiri kí wọ́n lè kọ́ ijó lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti bá Frankie Manning. Herräng, abúlé kékeré kan ní Sweden, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àpéjọ ijó láti ọdún 1982, di ibi tí àwọn oníjó láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń wọ́ lọ. Ijó jí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olórin ńlá kò sí ní gbogbo ìlú, owó wọn kò sì kéré. Àwo orin àtijọ́ ni ó kù, pẹ̀lú ẹni tí yóò yàn án. Ẹni tó ní àwo púpọ̀ nílé, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ pọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè; ọ̀rẹ́ a sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Báyìí ni àga DJ ṣe di àga ọkùnrin ní ọ̀pọ̀ ibi, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu rẹ̀.

Kí ni iṣẹ́ náà gbà gan-an? DJ swing kò dà bí èyí tó ń po orin pọ̀ mọ́ra wọn ní ilé ijó alẹ́. Odidi orin ni ó ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, púpọ̀ nínú àwọn àwo àtijọ́ náà kò sì ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Kí orin kan tó parí, èyí tí yóò tẹ̀lé e ti gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Ó ní láti mọ ìyára orin kọ̀ọ̀kan: èyí tí ìlù rẹ̀ ń dún bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú kan fara balẹ̀, èyí tó kọjá 200 ń béèrè eré ẹsẹ̀. Bí ó bá to àwọn tó yára tẹ̀lé ara wọn, yóò pa àwọn oníjó. Bí ó bá to àwọn tó falẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, oorun ni yóò kùn wọ́n. Ó ní láti rántí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ijó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó má sì gbàgbé ẹni tó ti jó fún 20 ọdún. Nínú gbogbo èyí, ibo ni irùngbọ̀n ti wúlò? Etí ni, ojú ni, sùúrù ni, àti ìmọ̀ orin. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀lé ìdarí ẹlòmíràn nínú ijó ti fi ara kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí sí orin àti sí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe kékeré.

Àwọn kan yóò ní ìmọ̀ nìkan ni kí wọ́n máa wò, kí wọ́n má wo ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Ṣùgbọ́n ibo ni ìmọ̀ DJ ti ń wá? Nídìí iṣẹ́ náà ni. Ẹni tí wọn kò bá pè kò lè dán ọwọ́ wò, ẹni tí kò bá dán ọwọ́ wò kò lè mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni wọn yóò sọ pé kò yẹ ní pípè. Bí wọ́n bá ti ká ènìyàn mọ́ inú irú òbìrí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀ ni wọ́n ń wò mọ́. Àwọn mìíràn yóò ní obìnrin kì í yọjú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ti bi léèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá òun ni ó ni ẹ̀rọ tí òun ń lò kò ní kánjú yọjú lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ohun tí ó wà nínú ewu ju ipò lọ. Ẹni tó ń yan orin ni ó ń yan ìrántí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jó Lindy Hop lónìí, lẹ́nu DJ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Count Basie àti ti Chick Webb. Àwo tí ẹgbẹ́ Sweethearts ṣe kò pọ̀ rárá. Bí kò bá sí ẹni tó wá a rí, tó sì mú un dé agbo, àwọn oníjó yóò gbà pé irú wọn kò sí rí. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo obìnrin ni yóò ṣe é, tàbí pé ọkùnrin kò lè ṣe é. Àmọ́ ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àwọn tó ń yàn bá ti ibi púpọ̀ wá, ohun tí wọn yóò rántí yóò pọ̀ sí i.

Kò sí àràmàǹdà nínú àtúnṣe rẹ̀. Kí àwọn olùṣètò ijó fún obìnrin ní àkókò tí agbo kún, kì í ṣe kìkì wákàtí àkọ́kọ́ tí àga òfìfo pọ̀ ju ènìyàn lọ. Kí owó tí wọ́n ń san fún ọkùnrin jẹ́ iye kan náà tí wọn yóò san fún obìnrin. Kí àwọn àgbà DJ mú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi ọ̀nà iṣẹ́ hàn wọ́n. Kí àwọn obìnrin náà má sì dúró de ìgbà tí wọ́n bá pé pérépéré kí wọ́n tó gbà bí wọ́n bá pè wọ́n; ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí lè ní kí ni ó kan òun nípa ijó Harlem. Kí ó rántí pé ní ilẹ̀ Yorùbá náà, ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ gángan sí, títí tí Ara, Aralọlá Ọlámúyìíwá, fi gbé e kọ́ èjìká lójú ayé. Ìlù náà kò bẹ́, awọ rẹ̀ kò fàya, àwọn tó gbọ́ ọ sì jó. Ìlù kì í béèrè ẹni tó mú ọ̀pá dání. Ó kàn ń dáhùn fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lù.