Ẹ Bi Ilé Léèrè: Ọ̀rọ̀ Ihò Dúdú àti Agbo Ìràwọ̀

Àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bàrígà, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. A jókòó sí iwájú ilé tí a háyà yàrá sí, a ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ihò dúdú ńláńlá tí ó wà ní àárín àwọn agbo ìràwọ̀. Ọ̀kan nínú wa là á mọ́lẹ̀ pé ihò dúdú tí ó bá tóbi jù ni ariwo rẹ̀ ń pọ̀ jù, pé kò sí ohun mìíràn tí a tún ń wádìí. Àwọn ìyókù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kò mi orí. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó mú ihò dúdú pariwo, kí ó lọ wo ilé tí ihò náà ń gbé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi orúkọ pe nǹkan. Agbo ìràwọ̀ ni mo pe ohun tí òyìnbó ń pè ní gálásì: ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀, pẹ̀lú gáàsì àti eruku, tí wọ́n jọ ń gbé pọ̀ bí ará agbo ilé kan. Ihò dúdú ni ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ariwo tí mo ń wí kì í sì í ṣe èyí tí etí ń gbọ́. Nígbà tí gáàsì bá ń ṣubú lọ sí ihò náà, apá kan lè fọ́n jáde kí ó tó wọlé, bí omi tí ń tú láti ẹnu páìpù, tí yóò máa sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ a máa yí po nínú agbára òòfà, wọn a sì máa tan ìgbì rédíò jáde. Ìgbì yìí ni mo pè ní ariwo.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Èkíní ni agbo NGC 1600. Ní ọdún 1916 kọ́, ní ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ kéde pé ihò dúdú inú rẹ̀ wúwo tó bílíọ̀nù 17 oòrùn wa. Èkejì ni M87, tí gbogbo ayé rí àwòrán ihò rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019. Tirẹ̀ tó bílíọ̀nù 6.5. Ẹ̀kẹta ni Cygnus A, tí tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.5 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìtóbi nìkan ni, NGC 1600 ni ì bá máa han gooro jù. Òun gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́! M87 ń pariwo jù ú lọ fíìfíì, Cygnus A tí ó kéré jù sì borí àwọn méjèèjì. Kí ni ọ̀rẹ́ mi yóò wí sí èyí?

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilé. Ní ọdún 2005, Philip Best àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé nínú àwọn agbo tí ìràwọ̀ wọn kò wúwo tó bílíọ̀nù 10 oòrùn, ó ṣòro kí a tó rí ẹyọ kan tí ihò rẹ̀ ń pariwo rédíò gidi. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó tó bílíọ̀nù 500, ó lé ní 30 nínú 100. Ọ̀rẹ́ mi yóò ní ilé ńlá ni ó ní ihò ńlá, nítorí náà ihò ni. Ó tì o. Nígbà tí ó di ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan náà fi hàn pé bí agbo méjì bá wúwo bákan náà, èyí tí ó jókòó ní àárín ọ̀pọ̀ agbo mìíràn, bí baálé láàárín ìlú, ni ó sábà máa ń pariwo jù. Ìdí ni pé gáàsì gbígbóná yí irú baálé bẹ́ẹ̀ ká. Bí gáàsì náà bá ti ń tutù, a máa rọ̀ lọ sí àárín bí òjò, ihò a sì rí jẹ.

Ìrísí ilé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn agbo tí ó rí bí ẹyin ni a ti sábà máa ń bá ariwo ńlá. Àwọn tí apá wọn ká bí ìkarahun ìgbín, bíi tiwa, kì í sábà pariwo bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ tuntun ni wọ́n ń fi gáàsì wọn ṣe. Ihò tiwa, tí ó tó mílíọ̀nù 4 oòrùn, tí a rí àwòrán rẹ̀ ní ọdún 2022, kò ju kí ó máa kùn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi Ṣómólú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣe àkàwé. Gbogbo wa mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni a fi mọ ibẹ̀. Bí ẹ bá gba àdúgbò àwọn atẹ̀wé kọjá, ẹ óò gbọ́ ẹ̀rọ kan tí ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ óò sì rí òmíràn tí wọ́n fi aṣọ bò. Àlejò lè rò pé èyí tí ń dún ni ó tóbi jù. Ẹ̀rọ ńlá tí kò rí pépà kò lè dún. Ẹ̀rọ kékeré tí oníbàárà tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò lè sinmi. Bí ìdìbò bá sì súnmọ́ tòsí, tí àwọn olóṣèlú ń tẹ àwòrán ara wọn kiri, ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ a tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kò tóbi sí i. Oúnjẹ ni ó rí.

Ilé ń bọ́ ihò, ihò náà a sì máa dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Ní agbo NGC 1275, ní àárín Perseus, ẹ̀rọ Chandra tí a gbé lọ sí ojú ọ̀run ní ọdún 1999 fi àwọn kòtò ńláńlá hàn wá tí ohun tí ihò náà ń tú jáde gbẹ́ sínú gáàsì gbígbóná. Agbára yìí kì í jẹ́ kí gáàsì tutù bí ó ti yẹ, ìràwọ̀ tuntun kì í sì í pọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

N kò sọ pé ihò kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ó ti ń yí lójú kan lè ní ipa, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lé e lórí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a má bi ilé léèrè rárá. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà, òun àti Antony Hewish ni ó kọ̀wé ní ọdún 1965 nípa orísun rédíò àràmàǹdà kan nínú Crab Nebula. Òun náà ni ó gbin ẹ̀kọ́ yìí sí Nsukka. Gúúsù Áfíríkà sì ṣí MeerKAT, àwo 64, ní ọdún 2018.

Mo ti ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tí a bí tí a sì tọ́ ní Bàrígà, lọ wá iṣẹ́ sí ibì kan. Ọ̀gá tí ó ń bi í léèrè wo àdírẹ́sì rẹ̀, ó ní, "Bàrígà? Ẹ̀yin oníjàgídíjàgan!" Ó sì pa fáìlì dé. Àṣìṣe méjì ni ọ̀gá yìí ṣe. Ó rò pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ariwo wà, ó sì ka gbogbo wa sí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a rí i pé nínú àwọn agbo tí ó wúwo jù pàápàá, àwọn tí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀. Ilé ń bọ́ ni. Kì í ṣe òun ni adájọ́.

Bí ariwo bá wà ní Bàrígà, ẹ béèrè ẹni tí ń kó àwọn ọmọ náà jọ nígbà ìdìbò, ẹ béèrè ohun tí ó ń fún wọn jẹ, kí ẹ sì béèrè ibi tí ó máa ń gbà lọ lẹ́yìn ìdìbò. Èmi ti wí tèmi. Ẹni tí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé wa yìí. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bi ilé léèrè.